Kí Ojú Ṣáájú Ọwọ́

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìlú Kútọnu gba ìdíje àgbáyé eré bọ́ọ̀lù onírin lálejò, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní pétanque. Àwa ará Àjàṣẹ́ mọ eré náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti gbọ́ ìró irin tí ń lu irin lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi.

Apá kan wà nínú eré yìí tí a kì í sábà fiyè sí: ìdíje àwọn tí ń ta bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò dúró, yóò sì ta á nígbà 20. Oríṣi àfojúsùn márùn-ún ni wọ́n ń tò kalẹ̀ fún un, yóò sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mítà 6, 7, 8 àti 9. Nígbà mìíràn, bọ́ọ̀lù kan ni ó dá wà. Nígbà mìíràn, ó sá pamọ́ sẹ́yìn òmíràn, tàbí kí ó wà láàrin méjì tí kò yẹ kí eléré fara kàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, àmì 100 ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó rí i gbà. Ní tèmi, kì í ṣe apá ni ó ń já ọ̀pọ̀ eléré kulẹ̀ níbẹ̀, ojú ni.

Ohun kan náà ni àwọn tí ń fi ìbọn ìléwọ́ díje ń bá jà. Lọ́dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yà síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní fọwọ́ kan ìbọn láyé wa, a kò sì gbàdúrà rẹ̀.

Ẹ na apá yín síwájú, ẹ gbé àtàǹpàkò sókè, kí ẹ sì tẹjú mọ́ èékánná rẹ̀. Igi tàbí ògiri tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán yóò di bàìbàì. Nísinsin yìí, ẹ wo igi náà. Àtàǹpàkò ni yóò di bàìbàì, ó tilẹ̀ lè di méjì. Ohun kan wà nínú ẹyinjú wa tí ń yí bí ó ti rí padà láti rí ohun tí ó súnmọ́ tàbí ohun tí ó jìnnà, ṣùgbọ́n kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá ń lé eku méjì yóò pòfo.

Ìbọn ìléwọ́ ní irin kékeré kan tí ó yọ sókè ní ẹnu rẹ̀, ó sì ní òmíràn tí ó ní àlàfo ní ẹ̀yìn. Irin iwájú gbọ́dọ̀ dúró gẹ́lẹ́ láàrin àlàfo náà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń tẹjú mọ́ àfojúsùn tí ó wà lọ́nà jíjìn, nítorí ibẹ̀ ni ó fẹ́ kí ọta bà. Àṣìṣe ni. Irin iwájú ni ó yẹ kí ó rí kedere, kí àfojúsùn máa ṣe bàìbàì. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Bí àárín irin méjèèjì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, tí irin iwájú sì yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, ọta yóò yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀ nígbà tí ó bá dé mítà 25. Ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ irin náà kò ní mọ̀ pé ó ti yẹ̀.

Ti bọ́ọ̀lù yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí irin kankan láàrin ojú àti àfojúsùn, nítorí náà orí bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ ta ni ojú yóò wà. Kì í sì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀lù náà. Ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀ ni, bóyá ibi tí oòrùn ti ń dán.

Ìṣòro náà le sí i nígbà tí àfojúsùn bá ju ẹyọ kan lọ. Eré kan wà nínú ìdíje Òlíńpíìkì tí wọ́n ti ń to àfojúsùn márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní mítà 25. Eléré yóò sọ apá rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún un ní àmì, yóò gbé ìbọn sókè, yóò sì yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan sí àfojúsùn kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Lẹ́yìn náà 6. Lẹ́yìn náà 4.

Ní ìṣẹ́jú àáyá 4, kò sí àyè láti wo ibi tí ọta bà. Bí ìbọn bá ti dún, ojú ti gbọ́dọ̀ gbéra. Ojú kì í rọra rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Fífò ni ó ń fò, kò sì ríran kedere títí yóò fi bà. Nítorí náà, eléré tí ó mọṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ojú fò tààrà sí àárín àfojúsùn tí ó kàn. Ìbádí rẹ̀ yóò yí, apá àti ìbọn yóò bá a lọ. Bí ìbọn bá ti dé, ojú yóò padà sí irin iwájú. Ẹni tí ó bá ń fi ojú tẹ̀ lé ìbọn rẹ̀ yóò kọjá ibi tí ó ń lọ, yóò sì tún padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àkókò ti ń ṣòfò.

Ọmọ ilẹ̀ Húńgárì kan, Károly Takács, ni ó fi hàn pé kì í ṣe ọwọ́ ni olórí. Ọmọ ogun ni. Ní ọdún 1938, bọ́ǹbù ìjùlọ́wọ́ kan bú mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí ó fi ń yìnbọn gan-an, ó sì bà á jẹ́. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì yìnbọn. Ogun àgbáyé kò jẹ́ kí wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní ọdún 1940 àti 1944. Ní London ní ọdún 1948, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 38, ó gba wúrà nínú eré àfojúsùn márùn-ún yìí. Ó tún gbà á ní Helsinki ní ọdún 1952. Ọwọ́ tuntun ni, ṣùgbọ́n ojú àtijọ́ ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ojú rẹ̀ kò nílò ìbọn. Kí ó lẹ bébà márùn-ún mọ́ ògiri àgbàlá rẹ̀, kí ó fi àmì kékeré sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa fi ìka nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ni kí ó kọ́kọ́ dé, kí ìka tó tẹ̀ lé e. Kí ó má ṣe yára ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ti ẹni tí ń ta bọ́ọ̀lù, kí ó fi ojú sí ibi àfojúsùn títí yóò fi gbọ́ ìró irin. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń gbé orí sókè láti wo èsì kí bọ́ọ̀lù tó dé.

Ṣé kí a dijú kan? Ní Paris ní ọdún 2024, Yusuf Dikeç, ọmọ Tọ́kì, la ojú méjèèjì, òun àti Şevval İlayda Tarhan sì jọ gba fàdákà. Kim Ye-ji láti Kòríà bo ojú kan, ó fi gíláàsì pàtàkì sí èkejì, òun náà gba fàdákà. Ohun tí kò dára ni kí a máa fi agbára di ojú kan pa, nítorí èkejì yóò fún pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì tètè rẹ̀.

Ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún yóò mọ̀ pé ohun tí ó súnmọ́ kò hàn dáadáa mọ́, pàápàá nígbà tí ó bá ṣí ìwé ní kíláàsì àwọn àgbà. Ìṣòro náà ni àgbà tí ń yìnbọn ní pẹ̀lú irin iwájú. Ṣùgbọ́n gíláàsì ìkàwé kò lè ràn án lọ́wọ́ tó, nítorí ìwé súnmọ́ ojú ju ẹnu ìbọn lọ. Yóò wọn ìwọ̀n apá rẹ̀ láti ojú dé irin iwájú, yóò sì mú ìwọ̀n náà lọ bá dókítà ojú, kí ó lè ṣe gíláàsì tí ó bá a mu.