Bí A Ti Í Bọ́ Àgbàlagbà tí Ń Ṣarán

Òwe àwọn àgbà ni pé, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ bí ó ti yẹ kí òun fi ọmú náà fún un.

Ní Ìlúpéjú ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbòmíràn, ọmọ tí ń kánjú lọ sí ibi iṣẹ́ lè máa bọ́ ìyá rẹ̀ arúgbó tí ń ṣarán. Bí ìyá bá pa oúnjẹ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ a rò pé agídí ni. A gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, a sì da omi sí i lẹ́nu. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni.

Ìṣarán kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Àrùn ọpọlọ ni. Láti ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti láàrin àwọn ènìyàn dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2001 wọ́n ròyìn pé, nínú 1,000 àgbà ẹni ọdún 65 sókè, bí 13 tàbí 14 ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, tí ó sì ń mú bí 32 ní Indianapolis.

Ọpọlọ náà ni ó ń darí oúnjẹ gbígbémì. Bí a bá ń gbé òkèlè mì, ìdérí kékeré kan a bo ọ̀nà èémí, kí oúnjẹ lè gba ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí ọpọlọ kò bá lè ṣe iṣẹ́ yìí dáradára mọ́, oúnjẹ tàbí itọ́ a ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, a sì di òtútù àyà, èyí tí ó ti pa ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Àwọn àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí: ikọ́ nídìí oúnjẹ, ohùn tí ó dún bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, àti rírù. Ẹni tí ó bá rí wọn, kí ó mú aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Kí aláìsàn jókòó ṣánṣán, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kí a má ṣe bọ́ ọ bí ó bá ń tòògbé. Ṣíbí kékeré ni kí a lò, kí a sì dúró títí yóò fi gbé ti ẹnu rẹ̀ mì kí a tó bu òmíràn. Ọbẹ̀ olómi tí ẹran wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ a máa ṣòro fún un, nítorí omi a sáré lọ ṣáájú, ẹran a sì kù sẹ́yìn. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó wà ní ìjókòó fún ìwọ̀n 30 ìṣẹ́jú, kí a sì fọ ẹnu rẹ̀ mọ́.

Àwọn mìíràn a máa béèrè bóyá kí a ti rọ́bà bọ inú rẹ̀ láti máa fi bọ́ ọ. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ American Geriatrics Society gbà wá ní ìmọ̀ràn pé, bí ìṣarán bá ti wọra jinlẹ̀, kí a má ṣe é. Kí a máa fi ọwọ́ bọ́ ọ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Bí ó bá jẹ ṣíbí mẹ́ta tí ó sì yí ojú padà, kí a dá ọwọ́ dúró, kí a tún gbìyànjú lẹ́yìn náà. Sùúrù ni ọmú tí òkété yìí ń fẹ́.