Bí Ẹ̀rọ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Ṣe ń Kọ̀wé, àti Bí Ó Ṣe Kan Olùwádìí ní Ṣakí

Ṣakí ní Òkè-Ògùn, ìlú Ọ̀kẹ̀rẹ̀, ọmọ Asabari, kì í ṣe ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé. Pólì Òkè-Ògùn, tí ó ti jẹ́ ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn rí kí ó tó dá dúró, wà níbẹ̀. Ọdọọdún sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ jáde ń kọ ìwé ìwádìí tí a ń pè ní próójẹ́ẹ̀tì. Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ a wọ yàrá ìkàwé lọ, a tú ìwé wò títí ojú yóò fi rẹ̀ ẹ́, a tọ àgbẹ̀ lọ lóko iṣu, a tọ àgbẹ̀dẹ lọ nídìí ẹwìrì, kí ó tó wá jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé ChatGPT síta, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù àti dátà ti lè bi ẹ̀rọ léèrè ohun tí ó bá fẹ́, kí ẹ̀rọ náà sì to odidi orí ìwé kan kalẹ̀ fún un kí omi ẹ̀bà tó hó. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. AI ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ó ṣe ń rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé orísun kan náà ni àǹfààní rẹ̀ àti ewu rẹ̀ ti ń ṣàn wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àká ìwé ńlá kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, pé bí a bá ti bi í léèrè, yóò lọ tú àká náà, yóò sì mú ìdáhùn jáde níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dúró láàárín ọjà Ṣakí tí mo sì wí pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà," kí n tó mí, ọmọdé tí ó wà nítòsí yóò ti bá mi parí rẹ̀ pé, "kí orí ọmọ tuntun ó wọ́." Ọmọ náà kò wo ìwé, kò sì wò bóyá ọmọ tuntun kankan wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà léraléra tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ fi mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀lé e. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe nìyẹn, àfi pé ọ̀rọ̀ tí òun ti gbọ́ pọ̀ ju èyí tí ènìyàn kan lè gbọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ.

Àwọn tí ó ṣe é kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú íntánẹ́ẹ̀tì, láti inú ìwé àti ìwé ìròyìn. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fún ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nítorí pé nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ń fi ègé tí ó kàn pa mọ́ fún un, wọ́n ń ní kí ó fojú inú wo ohun tí yóò jẹ́. Nígbàkúùgbà tí ó bá sì ṣìnà, wọn a yí àwọn nọ́ńbà mìíràn tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣírò díẹ̀, títí àṣìṣe náà yóò fi dín kù. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú GPT-3, ẹ̀rọ OpenAI tí ó ṣáájú ChatGPT, tí ó jáde ní ọdún 2020, jẹ́ bílíọ̀nù 175. Ọgbọ́n tí ó sì mú kí iṣẹ́ náà yá ni èyí tí àwọn olùwádìí ní Google gbé jáde ní ọdún 2017, tí wọ́n pè ní Transformer: ó jẹ́ kí ẹ̀rọ lè wo gbogbo ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì díwọ̀n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tan mọ́ èkejì, bí ó ti wù kí wọ́n jìnnà síra tó. Ní ìkẹyìn, àwọn ènìyàn jókòó tì í, wọ́n ń sọ ìdáhùn tí ó dára àti èyí tí kò dára. Ọwọ́ ọmọ Áfíríkà wà nínú èyí pẹ̀lú, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, tí owó wọn kò tó dọ́là 2 ní wákàtí kan, ni ó ka àwọn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbin kí ẹ̀rọ náà lè mọ ohun tí yóò yà fún. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń yin ẹ̀rọ kì í rántí wọn.

Ẹ kíyèsí i pé nínú gbogbo ètò yìí, kò sí ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń lọ wo ayé láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí ó wí. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí ó fún òun ní àpilẹ̀kọ mẹ́wàá lórí iṣu gbígbìn ní Òkè-Ògùn, ẹ̀rọ náà mọ bí ìtọ́kasí ṣe máa ń rí: orúkọ ẹni, ọdún, àkọlé, orúkọ jọ́nà, ojú ewé. Yóò fi ohun tí ó jọ ọ́ dí àyè kọ̀ọ̀kan, ìwé náà yóò sì dúró dáradára lójú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn dọ́là 5,000 lé àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n gbé ẹjọ́ mẹ́fà tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá síwájú rẹ̀; ChatGPT ni ó sọ ọ́ fún wọn. Àwọn ẹ̀rọ kan wà nísinsìnyí tí ń kọ́kọ́ wá inú íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dáhùn, èyí sì dín àṣìṣe kù; kò mú un kúrò.

Níbi tí ìwé ti ṣọ̀wọ́n gan-an ni àṣìṣe yìí ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kan Ṣakí. Ohun tí a kọ nípa Lọ́ńdọ̀nù kún inú ayé. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ ìtàn àwọn agbo ilé àgbẹ̀dẹ tí a fi mọ ìlú yìí, tàbí orúkọ irú iṣu tí àwọn ìyá wa ń dá mọ̀ lójú kan? Èdè Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kéré, èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní àmì ohùn. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Masakhane ń ṣiṣẹ́ takuntakun lórí èyí, ọ̀kan nínú wọn sì ni David Adelani, ọmọ Nàìjíríà, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní MENYO-20k jáde ní ọdún 2021. Síbẹ̀, ohun tí kò sí lákọsílẹ̀, ẹ̀rọ kò lè kọ́ ọ. Nígbà tí Samuel Johnson ń kó ìtàn Yorùbá jọ, èyí tí ó parí ní ọdún 1897 tí a kò sì tẹ̀ títí di ọdún 1921, ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ó lọ gbọ́ ọ. Ìbá ṣe pé ó jókòó sílé ni, ìbá má sí ohun tí yóò kọ.

Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wá fi ẹ̀rọ yìí ṣe? Kí ó ní kí ó ṣàlàyé ojú ewé tí ó le fún òun, kí ó ní kí ó fi àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì inú ohun tí òun fúnra òun kọ hàn òun, kí ó béèrè àwọn ọ̀rọ̀ tí òun lè fi wá ìwé kiri. Ìwé tí kò bá tíì rí fúnra rẹ̀, kí ó má tọ́ka sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kò sì gbọdọ̀ kó àṣírí aláìsàn sínú ẹ̀rọ náà, torí ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Jọ́nà Nature ti là á sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023 pé ẹ̀rọ kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, nítorí kò lè dáhùn fún ohun tí ó kọ. Ẹni tí ó bá lò ó, kí ó sọ pé òun lò ó. Mo fara mọ́ ọn pátápátá.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn olùkọ́ náà. Ẹ̀rọ tí a ní ó ń dá ìwé AI mọ̀ kò ṣeé gbára lé: OpenAI fúnra rẹ̀ ká tirẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2023 nítorí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀, àwọn olùwádìí ní Stanford sì fi hàn lọ́dún kan náà pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ka Gẹ̀ẹ́sì àwọn tí kì í ṣe èdè abínibí wọn sí iṣẹ́ AI. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí oníṣòwò Paul Graham wí pé ọ̀rọ̀ kan báyìí ni a fi ń mọ ìwé tí ChatGPT kọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà fi yé e pé Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ wọn nílé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ pe ọmọ náà, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó kọ lójú yín.

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn tí ẹ ń kọ próójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ẹ tọ àwọn bàbá àti ìyá tí ó mọ iṣẹ́ àti ìtàn ìlú yín lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu wọn kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní yàrá ìkàwé yín, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tòótọ́ tọ́ka sí.