Àgbàdo Tí Wọ́n Ṣá Lulẹ̀ Kó Tó Gbó

Lọ́dún 1989, ní abúlé Sanyuanzhu ní agbègbè Shouguang, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ìdílé 17 ṣá àgbàdo tó kù díẹ̀ kó gbó lulẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ọ̀rá fún kùkúńbà sórí ilẹ̀ náà. Ilé kan ń gbà tó nǹkan bí 6,000 yuan. Ta ni àyà rẹ̀ kò ní já?

Àgbàdo àti àlìkámà ṣeé kó sínú àká, wọn kì í sì í gba wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó wọn kéré, ilẹ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ náà kò sì tó nǹkan. Ewébẹ̀ ń pa owó lórí ilẹ̀ kékeré, àmọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Shouguang ti jẹ ìyà èyí rí: lọ́dún 1983, kábéèjì tó tó kílò mílíọ̀nù 25 jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́ torí pé kò sí ẹni tó rà á. Lọ́dún 1984 ni wọ́n dá ọjà ewébẹ̀ sílẹ̀, níbi tí àwọn alágbàtà ti lè rà á lọ́pọ̀. Lójú tèmi, ọjà yìí gan-an ni orísun ọrọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ọ̀rá ló gba òkìkí.

Ó wá ku òtútù. Èédú ni wọ́n fi ń dáná sí ilé ewébẹ̀ tẹ́lẹ̀, owó èédú sì ń jẹ èrè tán. Níparí ọdún 1988, ìbátan Wang Leyi, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì lábúlé náà, gbé kùkúńbà tútù wá fún un láti Dalian. Kùkúńbà nínú òtútù! Wang tọ ipa rẹ̀ dé Liaoning, ó sì kọ́ ọgbọ́n tí kò nílò èédú: ògiri amọ̀ tó nípọn lápá àríwá, ọ̀rá tó kọjú sóòrùn, ẹní koríko tí wọ́n ń tẹ́ bo ọ̀rá lálẹ́.

Ọgbọ́n yìí ni ìdílé 17 náà lò. Kí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà tó dé, wọ́n ń ta ìdajì kílò kùkúńbà ní yuan 10. Ilé kọ̀ọ̀kan pa ju 20,000 yuan lọ ní sáà kan. Àwọn alákùrọ̀ wa tó ń ta ewédú nígbà ẹ̀rùn mọ ìṣírò yìí dáadáa: àsìkò tí ọjà wọ́n ni owó wà.

Nígbà tí ilé ọ̀rá gba gbogbo agbègbè, iye yuan 10 yẹn kò lè dúró mọ́. Iṣẹ́ kò dín kù o: òtútù tí àgbẹ̀ fi ń sinmi tẹ́lẹ̀ wá di àsìkò kíká ẹní láràárọ̀, títẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́.