Alágbàfọ̀ Ọkọ̀ àti Ọkọ̀ Tòkunbọ̀: Kí A Tó San Owó

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń kó aṣọ wọn fún ẹlòmíràn láti fọ̀ àti láti lọ̀, tí wọ́n sì ń san owó fún un. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pàápàá ti ní alágbàfọ̀ tirẹ̀, alágbàfọ̀ náà kò sì jókòó sí ojú kan mọ́ títí oníbàárà yóò fi wá bá a. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ ń di omi, ọṣẹ, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tí ń tu omi pẹ̀lú agbára àti ẹ̀rọ tí ń fa eruku sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń lọ bá oníbàárà ní ilé rẹ̀ tàbí ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ márùn-ún jìyà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kì í fẹ́ tún lọ tò sí ẹ̀yìn ènìyàn ní ọjọ́ Sátidé nítorí àtifọ ọkọ̀. Bí iṣẹ́ náà bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, inú rẹ̀ a dùn láti sanwó.

Àwa fi ọwọ́ sí irú iṣẹ́ báyìí. Ó sàn kí ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbé kànìnkànìn sọ́wọ́ ju kí ó máa kọ ìwé ìwáṣẹ́ kiri fún ọdún mẹ́ta láìrí èsì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lé lórí. Nínú gbogbo owó tí a fi ń dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ọkọ̀ ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé owó náà kì í ṣe ti ọ̀dọ́ tí yóò wa ọkọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá tí ó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni. Owó tí ìyá yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ ni, tí a ó sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ náà ń rìn, ìbáà jẹ́ pé ó ti dùbúlẹ̀ sí ọgbà mẹkáníìkì. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní oṣù kejì, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀dọ́ kan ni ó dúró; ọjọ́ ogbó ẹnìkan ni a ti jẹ run.

Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, nítorí pé agbára wọn kò ká tuntun. Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ kí ó tó di orúkọ ọkọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sí ilé ni à ń sọ ní orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwọn méjèèjì: àwọn òbí ọmọ Tòkunbọ̀ wà níbẹ̀ láti sọ ìtàn rẹ̀, ọkọ̀ Tòkunbọ̀ kì í sábà ní ẹni tí yóò sọ tirẹ̀. Ìròyìn tí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 fi hàn pé, láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni a kó jáde láti ilẹ̀ Yúróòpù, Jàpáàn àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, àti pé Áfíríkà ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àyẹ̀wò tí a ṣe ní ilẹ̀ Netherlands sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó ń gba èbúté wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa ni kò ní ìwé ẹ̀rí tí ó fi hàn pé ó yẹ láti rìn ní ojú títì. Nítorí náà, olùrà ni ó gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò? Àwọn kan a máa wo ọ̀dà, àwọn mìíràn a máa bèèrè irú orúkọ tí ó wà níwájú ọkọ̀. Ní tiwa, a sọ pé omi ni kí a kọ́kọ́ ronú sí, nítorí pé omi ni ọkọ̀ náà yóò máa gbé lójoojúmọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, èyí jẹ́ ìṣirò tí ẹ lè kọ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì yín. Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Dúrọ́ọ̀mù kan tí ó gba lítà 200 yóò wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin, nítorí pé kìlógíráàmù 50 ni àpò kan. Táńkì omi tí ó gba lítà 1,000 yóò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, èyí ni ogún àpò sìmẹ́ǹtì. Kò sí olóye ènìyàn tí yóò kó ogún àpò sìmẹ́ǹtì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n a ń rí àwọn tí ń gbé táńkì omi lé e láìbìkítà, nítorí pé omi kò jọ ẹrù lójú wọn.

Àwọn baba wa sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọkọ̀ tí ó wà lọ́jà bí ó ti rí gan-an. Àwọn ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Jàpáàn bíi Suzuki Every, irú èyí tí a ń pè ní Kòròpé ní Èkó, kì í jẹ epo púpọ̀, wọ́n sì ń wọ àdúgbò tóóró. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ tí a ti ṣe wọ́n sọ pé ẹrù wọn kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 350 lọ. Ká ní ẹnìkan gbé omi lítà 300 sínú rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wúwo tó 50, tí àwọn irinṣẹ́ yòókù sì jẹ́ 40. Ó ti di 390, a kò sì tíì ka táńkì fúnra rẹ̀. Ẹrù ti ju agbára ọkọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ lítà 200 ni ó gbé, ó di 290, ara ọkọ̀ yóò sì gbà á. Bí ó bá sì fi ọgbọ́n lo omi, tí ó ń fi lítà 40 fọ ọkọ̀ kan, ọkọ̀ márùn-ún ni yóò fọ̀ kí ó tó tún pọn omi. Iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni èyí.

Toyota Sienna wọ́pọ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ ni a ṣe é fún, kì í ṣe táńkì omi. Ẹsẹ̀ iwájú ni ó fi ń wọ́ ara rẹ̀ lọ. Bí ẹrù bá wúwo jù ní ẹ̀yìn, iwájú a fúyẹ́, táyà a sì máa yọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tutù. Toyota HiAce àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó lágbára jù nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ru nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, ṣùgbọ́n owó wọn ga, epo wọn sì pọ̀. Ní ti kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́rù, ó rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó wà ní Èkó rántí pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2020 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ní àwọn òpópónà ńlá àti ní àwọn àgbègbè kan. Kò dára kí a ra ọkọ̀ tán kí a tó mọ̀ pé a kò lè wà á dé ibi tí àwọn oníbàárà wà.

Ohun mìíràn tún wà nípa omi. Kì í dúró jẹ́ẹ́ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Bí táńkì kò bá kún, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì, omi náà yóò rọ́ síwájú, yóò sì ti ọkọ̀. Nítorí náà, bíréèkì, táyà, sípíríìnnì àti ṣọ́ọ̀kì ni kí a yẹ̀ wò dáadáa ju rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Kí a de táńkì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ gbọnyin-gbọnyin, kí a gbé e sún mọ́ àárín, kí a sì fẹ́ èyí tí a fi nǹkan pín inú rẹ̀ ju èyí tí inú rẹ̀ ṣófo gbayawu lọ.

Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ olùtà, kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tàn wá. Òyìnbó tí ó ṣe pẹ́ńsù náà ni ó ṣe ìrésà: aago tí ń ka iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn ṣeé yí padà sẹ́yìn. Bí aago bá sọ pé ọkọ̀ kò tíì rìn púpọ̀, ṣùgbọ́n tí rọ́bà ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ti jẹ dànù, tí ọwọ́ ìdarí ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tí àga awakọ̀ sì ti rì, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni kí a gbà gbọ́, kì í ṣe aago. Kí a wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí yóò máa gbé omi ọṣẹ kiri kò gbọdọ̀ ti ní ìpẹtà nínú irin rẹ̀ kí a tó rà á, nítorí pé omi yóò parí ohun tí ìpẹtà bẹ̀rẹ̀.

Kí a ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí omi ti bò rí. Ìjì Harvey ti ọdún 2017 fi omi bo Houston, ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, Ìjì Ian sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida ní ọdún 2022. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni omi wọ̀ nígbà náà. Bí a bá ká kápẹ́ẹ̀tì sókè tí a rí ẹrẹ̀ gbígbẹ, tí bóòtù abẹ́ àga ti dípẹtà, tàbí tí ọkọ̀ ń rùn bí ìsàlẹ̀ àmù, kí a máa bá ọ̀nà wa lọ. Wáyà inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò sọ oníwáyà di ọmọ ilé.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tún wà. Láti ọdún 1981 ni nọ́ńbà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, lẹ́tà I, O àti Q kì í sì í sí nínú rẹ̀. Èyí tí ó wà ní ipò kẹwàá ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀. Ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà ilẹ̀ Jàpáàn ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ó kúrú ju èyí lọ. Kí nọ́ńbà tí ó wà lára irin bá èyí tí ó wà nínú ìwé mu. Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá ìtàn rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè rí i bóyá àwọn adójútòfò ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ní ti àwọn ọkọ̀ tí ó wá láti Jàpáàn tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá ọ̀tún ni ọwọ́ ìdarí wọn máa ń wà. Àwa sì ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà a ní láti gbé ọwọ́ ìdarí wọn sí apá òsì kí a tó wà wọ́n. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Kí mẹkáníìkì tiwa, kì í ṣe ti olùtà, wo ojú ibi tí a jó pọ̀, kí ó sì wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù kí a tó san kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn irin, ó kan ìwé. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá gba inú igbó wá láti Kútọnu lè dínwó, ṣùgbọ́n bí àwọn aṣọ́bodè bá gbá a mú lójú ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tí ó rà á ni wọn yóò ti gbà á. Olùtà yóò ti ná owó tirẹ̀ tán. Kí a rí ìwé owó-orí ẹnubodè, kí a sì lọ wádìí rẹ̀ kí a tó gbà pé òótọ́ ni.

Ní ìkẹyìn, kí a má ṣe ná gbogbo owó sórí ọkọ̀. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye owó epo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ kò lè fara da irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Owó epo, owó táyà, owó ìwé àṣẹ àti owó àtúnṣe àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó jáde. Ó sàn láti ra Kòròpé tí ó péye, kí owó sì ṣẹ́kù, ju kí a ra bọ́ọ̀sì ńlá kí a sì máa yá owó epo. Owó díẹ̀ yẹ kí ó wà fún ẹwà pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Alágbàfọ̀ ọkọ̀ tí ọkọ̀ tirẹ̀ dọ̀tí kò ní rí oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì.

A ń rọ àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, pàápàá ti àwọn olùkọ́, pé kí wọ́n máa bèèrè fún èsì àyẹ̀wò mẹkáníìkì àti ti ìwé ẹnubodè kí wọ́n tó fi owó ra ọkọ̀ lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Èyí kò nira, kò sì ní ná wọn ní ohun tí ó tó ìdá kan nínú ogún owó tí wọn yóò pàdánù bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti èrú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹkún ọmọ mú yín sanwó ní ọjọ́ kan náà tí ẹ rí ọkọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín níyì, ọ̀nà yín yóò sì là bí ẹ bá fi sùúrù bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.