Aṣọ ọlọ́pàá ti yí padà ní Sèmè-Kpodji, àmọ́ ta ni yóò máa ta wọ́n lólobó?

Àwọn ará Sèmè-Kraké kò ní tètè gbàgbé ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ọjọ́ náà ni iná ṣẹ́ yọ níbi tí wọ́n ń kó epo bẹntiróòlù tó ti Nàìjíríà wọlé sí, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí kpayo. Àwọn tó bá a lọ kò dín ní 34, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ibẹ̀ kì í ṣe kọ̀rọ̀. Ọkọ̀, alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń ya síbẹ̀ lọ ra epo. Ará àdúgbò ń rí i, èrò ọ̀nà náà ń rí i.

Ìbéèrè tí iná náà fi sílẹ̀ fún wa ni pé, bí ará àdúgbò bá rí irú ewu bẹ́ẹ̀ lónìí, ta ni yóò lọ sọ fún? Ṣé ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ láti wọ àgọ́ ọlọ́pàá, kó sọ ọ́, kó sì padà sílé lọ sùn?

Ọ̀nà méjì pàtàkì ló pàdé ní Sèmè-Kpodji, èyí tó lọ sí Àjàṣẹ́ àti èyí tó ti Kútọnù gba Kraké kọjá sí Èkó. Ẹja, àgbàdo, aṣọ àlòkù, mọ́tò tòkunbọ̀ àti epo ń gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí ọjà bá pọ̀ tó báyìí, olè, onífàyàwọ́ àti gbájúẹ̀ kò ní ṣàì débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá fi kan àwọn ará ibẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lọ.

Tẹ́lẹ̀ rí, oríṣi agbófinró méjì ni orílẹ̀-èdè Benin ní. Ọlọ́pàá ń ṣọ́ ìlú ńlá, àwọn jẹ́ńdáámù tí wọ́n wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ológun ń ṣọ́ ìgbèríko. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2018 ni ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ti da àwọn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì sọ wọ́n di Police Républicaine lábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Wọ́n yí aṣọ padà, wọ́n yí orúkọ oyè padà, àgọ́ àwọn jẹ́ńdáámù sì di kọmísáríà. Lóṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Ààrẹ Talon àti Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ẹnubodè àjùmọ̀lò Sèmè-Kraké, kí àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan.

Ohun tó dára ni gbogbo èyí. Àmọ́ aṣọ tuntun kò ní kí ọlọ́pàá mọ ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé ní Djèrègbé, tàbí ilé tí àwọn àlejò tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ń wọ̀ lóru ní Ekpè. Ará àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Bí wọn kò bá sọ, ọlọ́pàá yóò kàn máa fi tọ́ọ̀ṣì wá ohun tí aládùúgbò ti rí lójúmọmọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí dájú. Láàárín àwọn Ẹ̀gùn tó wà láti Àjàṣẹ́ títí dé Àgbádárìgì, Zangbeto ló ń ṣọ́ òru. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ènìyàn òru. Láàárín àwa Yorùbá, àwọn ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú, Orò sì ń lé ọ̀daràn lóru. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ní ni pé ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ ilé, wọ́n mọ ọ̀nà, ìlú sì fọkàn tán wọn. Wọ́n ní àléébù tiwọn náà, nítorí ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn lóru kò ní agbẹjọ́rò. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ọlọ́pàá tó ń tẹ̀lé òfin. Síbẹ̀, kí ọlọ́pàá ọ̀hún mọ̀ pé bí ìlú kò bá fọkàn tán òun, iṣẹ́ òun kò lè yọrí.

Kí ló ń dá àwọn ènìyàn dúró? Ohun mẹ́ta ni. Èkínní ni oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń jẹun nídìí kpayo, ta ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ ti ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ dànù? Èkejì ni ẹ̀rù. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Bí ẹni tó sọ̀rọ̀ láàárọ̀ bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ́jà nírọ̀lẹ́, ẹlòmíràn kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ẹ̀kẹta ni owó ojú ọ̀nà. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn oníṣòwò tó ń ná ọ̀nà Èkó sí Kútọnù ti ń ké lórí owó tí wọ́n ń bi wọ́n níbi àyẹ̀wò, ní apá méjèèjì ẹnubodè. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ láìfún ọ ní rìsíìtì láàárọ̀, o kò ní fẹ́ sọ àṣírí fún un lálẹ́.

Ní Nàìjíríà, a rí ibi tí irú èyí ń já sí. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ fi ẹ̀hónú hàn sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS. Ìjọba tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ṣùgbọ́n inú tó ti ń bí wọn fún ọdún pípẹ́ kò rọ̀. Wọ́n dáná sun àgọ́ ọlọ́pàá, ará ìlú kú, ọlọ́pàá náà kú. Kò sí ẹni tó jèrè.

Òfin kì í ṣe ti ọlọ́pàá nìkan, ó yẹ kí oníṣòwò náà mọ̀ ọ́n. Òfin ilẹ̀ Benin ti ọdún 1990, ní abala 18, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé kọjá wákàtí 48 láìjẹ́ pé adájọ́ tí wọ́n mú un lọ bá ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Kódà nígbà náà, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 8. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1999 fún ọlọ́pàá ní ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 sì fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láyè láti wọ orílẹ̀-èdè kejì fún ọjọ́ 90 láìgba físà, bó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye àti yẹ́lò káàdì. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe fi ìwé yín sílé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé lè béèrè rìsíìtì láìgbọ̀n.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò le. Kí ọ̀gá kọmísáríà kọ̀ọ̀kan máa jókòó pẹ̀lú olórí abúlé, ìyálọ́jà, àwọn awakọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́, kì í ṣe ìgbà tí wàhálà bá dé nìkan. Kí wọ́n pa orúkọ ẹni tó bá ta wọ́n lólobó mọ́ bí ojú. Kí ọlọ́pàá tó bá gbowó àìtọ́ rí ìjìyà rẹ̀ ní gbangba. Kí àwa náà jáwọ́ nínú dídáná sun olè lójú títì, nítorí òkú olè kò lè dárúkọ ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ní ti epo, kí ẹ̀gbọ́n tó ń tà á má retí kí ọlọ́pàá tó wá kó o. Kó gbé e jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Aládùúgbò tó bá sì rí ewu, kó tètè sọ fún olórí abúlé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e dé kọmísáríà. Àwọn tí iná gbé lọ ní Kraké kò sí níbí mọ́ láti sọ tiwọn.