Ẹ má sanwó "sẹ́ńtà" fún ẹnikẹ́ni: bí GCE ṣe ń lọ gan-an

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ Kabba kì í jẹ́ kí n gbádùn lé lórí: "Ẹ̀gbọ́n, D7 ni mo gbà nínú ìṣirò, kí ni kí n ṣe?" D7 sàn ju F9 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yunifásítì ò kà á sí. Kírẹ́díìtì ni wọ́n ń wò, ìyẹn A1 títí dé C6, nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ wà lára àwọn tó bi mí. Ẹnì kan ti ní kó mú owó wá, òun á fi orúkọ rẹ̀ sí ilé-ìwé kan lábúlé fún May/June tó ń bọ̀, "wọ́n á ràn án lọ́wọ́." Owó tí ẹni náà pè ju ti fọ́ọ̀mù lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Mo ní kó dúró ná.

May/June, àwọn ọmọ tó ṣì wà ní SS3 ló ni ín. Ilé-ìwé wọn ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, ilé-ìwé náà ló sì ń fi máàkì tí wọ́n ti gbà látẹ̀yìn wá ránṣẹ́ sí WAEC. Ẹni tó ti jáde láti ọdún méjì, máàkì wo ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ fún un? Ẹnì kan á jókòó, á kọ irọ́ sílẹ̀ ni. Bí WAEC bá wá dá èsì ilé-ìwé náà dúró nítorí màgòmágó, orúkọ ọmọ ló wà lórí rẹ̀. Orúkọ ẹni tó gbowó ò sí níbì kankan.

Ọ̀nà tó tọ́ ni èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní GCE. Lórí ìwé, WASSCE ti àwọn aládàáṣe ni, ṣùgbọ́n ẹnu ò tíì gbàgbé orúkọ àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni WAEC ń ṣe é lọ́dún: ọ̀kan ní oṣù kìíní sí ìkejì, àti ọ̀kan tó máa ń bọ́ sí apá ìparí ọdún. NECO, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999 tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Minna, ní tirẹ̀ náà níparí ọdún. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba èsì méjì pa pọ̀, kódà WAEC pẹ̀lú NECO. Ẹni tí ìṣirò nìkan dá dúró lè fi èyí tó bá gbà nínú GCE kún ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn kọ́ọ̀sì kan, pàápàá ìmọ̀ ìṣègùn láwọn ibì kan, èsì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́. Ẹ wo ìyẹn nínú ìwé JAMB kẹ́ ẹ tó náwó.

Ìforúkọsílẹ̀ ò le. Ẹ ó ra PIN lọ́wọ́ báǹkì tàbí aṣojú tí WAEC fọwọ́ sí, ẹ ó kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ya fọ́tò yín, wọ́n á gba ìtẹ̀ka yín. NIN pọn dandan. Ibi orúkọ yìí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: bí NIN bá pè yín ní Oluwadamilare, tí èsì àkọ́kọ́ pè yín ní Damilare, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa èsì méjèèjì pọ̀ lẹ ó rí i. Ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó lọ sí kafé. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ.

Ìlú lẹ ó yàn, ẹ kì í yan ilé-ìwé. Ní 2024, WAEC gbé ti oṣù kìíní bọ́ sórí kọ̀ǹpútà: ẹ ó dáhùn ọbújẹ́kítíìfù lórí ẹ̀rọ, ìbéèrè ẹ́sè náà á hàn lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n inú ìwé lẹ ó kọ ìdáhùn sí. Ilé kọ̀ǹpútà tó tó irú ẹ̀ ò pọ̀ láwọn ìlú kéékèèké, nítorí náà kí ọmọ Kabba tètè ka owó ọkọ̀ Lọ́kọ́ja mọ́ ìnáwó. Ọ̀nà Ọbájànà ti di kọnkéré, ìrìn ti yá, àmọ́ ìdánwò àárọ̀ kì í dúró de mọ́tò tí kò tíì kún.

Níbi ìdánwò gan-an, máàkì ilé-ìwé ò sí láti gbé yín. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ lọ́jọ́ náà ni gbogbo rẹ̀. Ìṣirò ní ìbéèrè ọbújẹ́kítíìfù 50 fún máàkì 50, pépà kejì sì ní máàkì 100, níbi tí wọ́n ti fẹ́ rí bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Ọ̀pọ̀ ń fi gbogbo àkókò wọn há ọbújẹ́kítíìfù sórí, wọ́n á sì ṣòfò ìdá méjì nínú mẹ́ta máàkì.

Àwọn tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì máa ń bẹ̀rù pé àwọn ò ní láàbù. Pépà kẹta ti kẹ́mísìrì, físíìsì àti bàólójì yàtọ̀ fún aládàáṣe: orí ìwé ni wọ́n ti ń bi yín léèrè iṣẹ́ láàbù. Wọ́n á ya àwòrán ẹ̀rọ, ẹ ó ka iye tó wà lára rẹ̀, ẹ ó ṣírò, ẹ ó ya gíráàfù. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ tíṣà kan kó fi burette hàn yín lẹ́ẹ̀kan, ó dára kójú ti rí i rí.

Yorùbá náà wà níbẹ̀ o. Ọmọ Òwé tó rò pé òun á gba A1 lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé òun ń kí ìyá òun ní "Ọ̀kun o" kó rọra. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n ń bi, pẹ̀lú àmì ohùn, gírámà, àṣà àti àwọn ìwé lítíréṣọ̀ tí wọ́n yàn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn ń sanwó fún "èèpò" nígbà tí WAEC fúnra rẹ̀ kó ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò sórí ìkànnì ẹ̀kọ́ rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ìròyìn yẹn ni wọ́n ti ń sọ ibi tí àwọn olùdánwò ti ń ṣìnà nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Dátà díẹ̀ ló máa ná yín. Mo ti fi han ọmọ télọ̀ yẹn; ti ìṣirò ló kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ lè fi "ń retí èsì" forúkọ sílẹ̀ fún UTME, kẹ́ ẹ wá gbé èsì sórí ìkànnì JAMB tó bá jáde. Tó bá wá di ti sátífíkéètì, ẹ má lọ sí ilé-ìwé àtijọ́ yín lọ béèrè. Ọ́fíìsì WAEC ni ti aládàáṣe wà, ẹ mú nọ́ńbà ìdánwò yín dání lọ.