Oòrùn Kò Gba Owó, Ṣùgbọ́n Bátìrì a Máa Gbó: Àlàyé Lórí Iná Sólà àti Íntánẹ́ẹ̀tì ní Abúlé

Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ tí ń gbé ní abúlé tí ó jìnnà sí títì ti ń bèèrè ìgbà tí iná mànàmáná yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àgbáyé, iye ènìyàn tí kò ní iná mànàmáná ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 80 lọ, abúlé àti ahéré ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Ọ̀nà titun ti là báyìí. Oòrùn ń pèsè iná tí àwọn ènìyàn ń pè ní sólà, íntánẹ́ẹ̀tì náà sì lè ti ojú ọ̀run wá. Síbẹ̀, ó yẹ kí olúkúlùkù mọ bí nǹkan wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí ń bà wọ́n jẹ́, nítorí pé iná tí ó tàn fún ọdún méjì tí ó sì kú kò sàn púpọ̀ ju iná tí kò dé rárá lọ.

ÌDÍ TÍ ÒPÓ INÁ KÒ FI DÉ OKO

Kí iná ìlú ńlá tó lè dé abúlé kan, a ní láti ri òpó mọ́lẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, kí a ta wáyà sí i lórí, kí a sì gbé tiransifọ́mà kalẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá gba inú igbó kòkó kọjá, igi a máa wó lu wáyà ní ìgbà òjò, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì rin ìrìn-àjò gígùn kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí ilé tí yóò lo iná náà kò bá ju ogójì tàbí àádọ́ta lọ, owó tí wọn yóò máa san kò lè tó owó tí a ti ná. Ìdí nìyí tí ó fi sàn, fún irú abúlé bẹ́ẹ̀, kí a pèsè iná níbi tí a ó ti lò ó gan-an.

BÍ OÒRÙN TI Ń DI INÁ

Pátákó dúdú tàbí aláwọ̀ aró tí a ń rí lórí òrùlé ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń lò, kì í ṣe ooru. Ooru àpọ̀jù tilẹ̀ máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Ní ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fi irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó wúlò han gbogbo ayé. Láti ara pátákó ni iná ti ń lọ sínú bátìrì, tí yóò fi í pamọ́ di alẹ́. Ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní ìnfátà ni ó wá ń yí iná inú bátìrì padà sí irú èyí tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ń lò.

Pátákó lè lo ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, tí a kò sì jẹ́ kí ẹ̀ka igi ṣíji bò ó. Bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí ó ní ásíìdì nínú kì í sábà ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Èyí tí a fi lítíọ́ọ̀mù ṣe wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún mẹ́wàá bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

ÌṢIRÒ TÍ Ó YẸ KÍ GBOGBO ILÉ MỌ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọjọ́ kan jọ, ó tó bí ìgbà tí oòrùn ràn kíkankíkan fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Ó máa ń dín kù ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Nítorí náà, pátákó kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 400 lè mú nǹkan bí wáàtì 1,600 fún wákàtí kan wá lójúmọ́, kí a tó yọ èyí tí ń ṣòfò.

Gílóòbù márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9, bí a bá tàn wọ́n fún wákàtí márùn-ún, yóò jẹ 225 nínú rẹ̀. Fáànù onwáàtì 50 fún wákàtí mẹ́jọ yóò jẹ 400. Tẹlifíṣọ̀n kékeré onwáàtì 60 fún wákàtí mẹ́rin yóò jẹ 240. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 865, ó sì kù díẹ̀ fún fóònù. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù onwáàtì 1,200, bí a bá fi lọ aṣọ fún wákàtí kan péré, yóò jẹ 1,200, èyí tí ó ju gbogbo ti ìṣáájú lọ. Ẹni tí ó bá fi áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ ìdáná sí iná sólà kékeré ń pa bátìrì ara rẹ̀ ni.

ÀPẸẸRẸ GBAMU-GBAMU

Sólà orí òrùlé ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí iná tí gbogbo abúlé jọ ń lò. Ní Gbamu-Gbamu, abúlé àwọn àgbẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé-iṣẹ́ Rubitec kọ́ ilé iná sólà tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 85, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jámánì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Wáyà ni ó ń gbé iná láti ibẹ̀ dé ilé àti ṣọ́ọ̀bù, gẹ́gẹ́ bí ti ìlú ńlá.

Irú ilé iná bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin ni. Ní ọdún 2016 ni àjọ NERC, tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé ìlànà jáde fún un, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2023. Ìlànà náà fàyè gba àdéhùn láàárín àwọn ará abúlé àti ilé-iṣẹ́ lórí iye tí wọn yóò máa san. Ó tún pèsè owó gbà-má-bínú fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ bí wáyà ìlú ńlá bá padà dé ibẹ̀. Ní ọdún 2023 kan náà ni àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe òfin ti ara wọn lórí iná.

Àwọn ará abúlé a máa ráhùn pé owó yúníìtì kan níbẹ̀ wọ́n ju ti ìlú ńlá lọ. Òtítọ́ ni. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó ń pín owó bátìrì, pátákó àti òpó láàárín ara wọn. Àmọ́ kí a fi wé owó epo bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀, owó kẹrosíìnì fún àtùpà, èéfín tí ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àti owó tí a ń san lójoojúmọ́ láti fi iná sí fóònù, kí a tó dá ẹjọ́.

ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ KÒ LÈ DÁ DÚRÓ LÁÌSÍ INÁ

Òpó ńlá tí ń gbé ohùn fóònù kiri ń fẹ́ iná tọ̀sán-tòru. Níbi tí kò sí iná ìlú, jẹnẹrétọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò. Ìnáwó epo rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n máa yẹra fún abúlé kékeré. Níbi tí sólà bá ti gba iṣẹ́ náà ṣe, ìnáwó dín kù.

Ọ̀nà kejì ni sátẹ́láìtì. Àwọn ti àtijọ́ wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 sókè, nítorí náà ọ̀rọ̀ a máa pẹ́ kí ó tó lọ kí ó sì bọ̀. Àwọn ti Starlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, wà ní nǹkan bí kìlómítà 550, ìdáhùn wọn sì yá. Ẹ̀rọ tí ń gba ọ̀rọ̀ náà lè jẹ wáàtì 75. Bí a bá fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, yóò jẹ 1,800, èyí tí ó ju gbogbo ohun tí pátákó onwáàtì 400 mú wá lójúmọ́. Nítorí náà, kí abúlé jọ ní ẹyọ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn, kí a ní wákàtí tí a ń tàn án, kí a sì pa á ní òru.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Àgbẹ̀ yóò mọ iye tí wọ́n ń ta kòkó kí oníbàárà tó dé. Agbẹ̀bí yóò lè bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ dókítà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ti àwọn ọmọ. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di èyí tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe pátápátá. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ní abúlé rẹ̀ yóò jókòó pẹ̀lú ọmọ Ìbàdàn tí ó ti ń lò ó láti kékeré, ìdánwò kan náà ni wọn yóò sì jọ ṣe. Kí àwọn òbí sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì rẹ̀ fún àjèjì orí fóònù.

OWÓ BÁTÌRÌ

Ọ̀pọ̀ iná sólà tí a rì sí ojú títì ni ó ti kú lónìí, tí òpó rẹ̀ sì dúró gbọọrọ bí ère. Oòrùn kò yéé ràn. Bátìrì ni ó gbó, kò sì sí ẹni tí a yan owó rẹ̀ fún.

Bí a bá fẹ́ gbé sólà wá sí abúlé kan, ìbáà ṣe ọrẹ, kí baálẹ̀ àti àwọn àgbààgbà bèèrè ohun mẹ́ta kí wọ́n tó fún wọn ní ilẹ̀. Ta ni ó ni ín? Ta ni nínú ọmọ abúlé náà tí a ó kọ́ ní ìtọ́jú rẹ̀? Ọwọ́ ta ni owó bátìrì yóò wà? Níbi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá wà, iṣẹ́ wọn ni èyí. Bí bátìrì yóò bá lo ọdún márùn-ún, oṣù 60 ni wọ́n ní. Kí wọ́n pín owó bátìrì titun sí ọ̀nà 60, kí wọ́n tún pín ìdá kan rẹ̀ sí iye ilé tí ń lo iná. Èyí ni ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa dá lóṣooṣù láti oṣù kìíní, kì í ṣe ní ọjọ́ tí iná bá kú. Kí wọ́n sì fi kún un díẹ̀, nítorí ọjà a máa wọ́n sí i.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Abúlé tí ó bá ti fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni ó ti ṣe tán láti gba iná.